Wọ́n ń jágbe mọ́ mi níwájú aláìsàn: ṣé bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ ọsibítù rí nìyẹn?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ káalẹ́ Màmá. Kétu ni mo wà, ọmọ ọdún 24 ni mí, aide-soignante (olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì) ni mí ní màtẹ́nítè (ilé ìgbẹ̀bí) kan, ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí. Iṣẹ́ náà wù mí, àwọn obìnrin tó ń wá bímọ fẹ́ràn mi, àmọ́ agbẹ̀bí tó jẹ́ ọ̀gá mi ń fojú mi rí màbo. Kì í pe orúkọ mi, 'ìwọ' tàbí 'ọmọ yìí' ló máa ń pè mí, tàbí kó táka sí mi. Ó máa ń fi Faransé jágbe mọ́ mi níwájú aláìsàn àti àwọn ará ilé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo sọ fún un pé tánsíọ̀n (ìfúnpá) obìnrin kan ti ga, ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni, nígbà tí dókítà wá dé tó bèèrè, ó ní mi ò sọ fún òun. Nígbà míì ó máa ní kí n gbé sérọ́ọ̀mù (omi tí wọ́n ń fà sí iṣan) sí aláìsàn lára torí ọwọ́ ò tó, tí kò bá wá wọ iṣan dáadáa, èmi náà ni wọ́n máa bú. Ìyá mi ní kí n fara dà á, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n fẹjọ́ sùn ni àbí kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé ẹ kí n tó jókòó dáhùn. Agbẹ̀bí ni mí, mo ti fẹ̀yìntì báyìí, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, àti láwọn abúlé tó yí wa ká, ọdún mọ́kànlá nínú ẹ̀ mo jẹ́ màjọ̀, èmi ni mò ń darí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Mo ti wà nísàlẹ̀ níbi tó o wà, mo sì ti wà lókè níbi tí ọ̀gá ẹ wà, màá sọ ohun tí mo rí níbi méjèèjì, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti ṣẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ ṣe yé mi sí, ariwo nìkan kọ́ ló ń dùn ẹ́. Ohun tó dùn ẹ́ jù ni pé o rí tánsíọ̀n tó ga, o sọ ọ́ bó ṣe yẹ, wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà nù, wọ́n tún wá gbé ẹ̀bi ẹ̀ rù ẹ́. Ìyẹn ju pé wọ́n bú èèyàn lọ, torí ẹ̀mí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ìyá ẹ ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì pé. Ohun tó ń rántí ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ tàbí onídìrí, ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀, á pọnmi, á pọn ọmọ ọ̀gá, wọ́n á bú u, wọ́n á tiẹ̀ gbá a létí nígbà míì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá dá a sílẹ̀ tí wọ́n gbé díplọ́mù fún un tí wọ́n ń jó, gbogbo ẹ̀ á di ìtàn. Mi ò sọ pé ìyẹn náà dáa. Àmọ́ tí ọmọ aránṣọ bá ń bẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀ débi tí kò lè sọ pé aṣọ yìí ò ní tó, aṣọ ló máa bàjẹ́, wọ́n á lọ ra òmíì ní ọjà Wàńdò. Tí ọmọ tó wà ní màtẹ́nítè bá ń bẹ̀rù débi tí kò lè sọ ohun tó rí, kí la máa lọ rà?

Ìbáwí wà o, ìwọ̀sí náà sì wà, ó yẹ kó o mọ èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹ torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà máa ń dà á pọ̀. "O ò fọwọ́ kó o tó kan ọmọ yẹn, lọ fọ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìbáwí nìyẹn, kódà tí wọ́n bá fi ohùn líle sọ ọ́, kódà tó bá ta ẹ́ lára. Wọ́n sọ ohun tó o ṣe, wọ́n sọ ohun tó yẹ kó o ṣe, ó parí. "Irú èèyàn wo tiẹ̀ nìwọ, inú igbó wo ni wọ́n ti mú irú yín wá?" Ìwọ̀sí nìyẹn, o lè gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún kó o má rí nǹkan kan kọ́ nínú ẹ̀. Mo tún fẹ́ kó o yọ ariwo pàjáwìrì sọ́tọ̀. Tí ọmọ bá bọ́ sílẹ̀ tí kò ké, tí kò mí, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn la fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní afẹ́fẹ́, tí ọ̀gá ẹ bá wá pariwo pé "Gbé báàgì wá kíá!", má fi sọ́kàn, kò sẹ́ni tó ń ráyè sọ "ẹ jọ̀ọ́" nígbà yẹn. Ohun tí mò ń wò ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti ké. Ọ̀gá tó dáa á wá bá ẹ, á ní ẹ kú iṣẹ́, má bínú ohùn mi.

Ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan pé àṣà tiwa náà fàyè gba ká bá èèyàn wí ní gbangba, ó ní ṣebí Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Kétu ni ẹ́, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ olórin á bọ́ síta, á kọrin sí oníwà burúkú létí gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni ò sì lè mú un. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ẹni tí orin yẹn ń bá wí. Olówó tó ń rẹ́ni jẹ ni, ìjòyè tó gba ilẹ̀ onílẹ̀ ni, ẹni tí apá ará ìlú ò ká lójú ọ̀sán ni. Látọjọ́ tí mo ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mi ò tíì gbọ́ orin kan tí wọ́n kọ láti fi tẹ ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà bo ìwà ara ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lórí "ìwọ" yẹn, ọmọ mi, màá sọ òótọ́ fún ẹ, má kà á sí. Àgbà ni, ó sì lè fi "o" bá ẹ sọ̀rọ̀ nínú èdè wa, èmi náà ń fi "o" bá ẹ sọ̀rọ̀ níbí, mi ò sì fi rí ẹ fín. Táka tó ń ta yẹn ni mi ò lè gbà, àti orúkọ ẹ tí kì í pè, torí orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ́nbẹ́-yẹ́nbẹ́ rárá. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kékeré kan jáde fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, nǹkan 19 ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí iṣẹ́ abẹ tó parí, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ara aláìsàn, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà á dárúkọ ara ẹ̀, á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, látorí dókítà dé orí ẹni tó kéré jù. Wọ́n dán ìwé náà wò ní ọsibítù mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ, Tàńsáníà wà lára ẹ̀, nígbà tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2009, iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti wálẹ̀ láti 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.8. Mi ò sọ pé orúkọ nìkan ló ṣe é o, egbòogi wà nínú ẹ̀, kíka irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹni tó ti la ẹnu níbẹ̀rẹ̀, tó ti dárúkọ ara ẹ̀, ó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti tún la ẹnu nígbà tó bá rí ohun tí kò dáa, àti pé ọ̀gá tó bá mọ orúkọ ẹni lè pe onítọ̀hún nígbà tí nǹkan bá le, kó má jẹ́ pé "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn, ẹ gbé e wá" kí gbogbo wọn sì dúró máa wo ara wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó ti tó ogún ọdún báyìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo le nígbà yẹn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé mo le, inú mi sì ń dùn sí i torí mo rò pé ohun tó ń mú iṣẹ́ lọ déédéé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan wà tó ń bá wa pààrọ̀ aṣọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sáré wá bá mi pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára obìnrin kan, mo lọ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lásán ni, bó ṣe yẹ kó rí náà ló rí, mo bá yíjú sí i níwájú ọkọ obìnrin náà àti ìyá ọkọ, mo ní ṣé ìwọ lo fẹ́ wá sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde lára ẹni tó bímọ, má tún fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dà mí láàmú mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni obìnrin míì bímọ lóru, ọmọ ẹ̀ kẹta, ibi jáde, mo gún un lábẹ́rẹ́ ocytocine tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀, mo tẹ ilé ọmọ, ó le, mo bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rọbí ní yàrá kejì. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ti tutù, ọkàn ẹ̀ ń sáré kíkíkí, ilé ọmọ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ọmọbìnrin yẹn ti pààrọ̀ aṣọ abẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ojú ẹ̀ ló ṣe.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ yìí lè má mọ bó ṣe ń yára tó. Nígbà tí oyún bá ti gbó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ju ààbọ̀ lítà lọ, ohun tó ń dá a dúró lẹ́yìn ìbímọ ni pé kí ilé ọmọ fúnra ẹ̀ fún pọ̀, kó tẹ àwọn iṣan yẹn pa. Tí kò bá fún pọ̀, obìnrin tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báyìí lè ti lọ kí wákàtí méjì tó pé. A tẹ ilé ọmọ, a gbé sérọ́ọ̀mù sí apá méjèèjì, a gbé e lọ sí ọsibítù ńlá níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Kò kú, mo dúpẹ́, àmọ́ wọ́n yọ ilé ọmọ ẹ̀. Lówùúrọ̀ mo pe ọmọbìnrin yẹn, mo ní kí ló dé tí o ò pè mí. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Màmá, ẹ ní n má tún fi ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dà yín láàmú mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bú u, torí ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ò lè tún ìwọ̀sí gbangba ṣe. Látìgbà yẹn mo sọ fún gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ kó pè mí, tó bá pè mí nígbà mẹ́wàá tó jẹ́ lásán, nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá màá ní o ṣeun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe inúure tí ọ̀gá ń ṣe. Ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ, tó ń wọn tánsíọ̀n, tó ń gbé àwo ìtọ̀, òun ló sún mọ́ aláìsàn jù, ojú ẹ̀ ni ojú wa. Ọ̀gá tó bá pa á lẹ́nu mọ́ ti fọ́ ojú ara ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ẹnu nìkan ni ìwọ̀sí ń pa, ó ń pa ọpọlọ náà. Ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, wọ́n kó ẹgbẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì 24 jọ, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé, wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú ọmọláńgidi kan bí ẹni pé ọmọ gidi tó ń ṣàìsàn ni. Wọ́n mú amòye kan tó ti òkè òkun wá, ó sọ̀rọ̀ àbùkù díẹ̀ fún àwọn kan nínú wọn nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ wọn, kò pariwo, kò bú ìyá ẹnikẹ́ni. Àbájáde ẹ̀ jáde ní 2015: àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò dá àìsàn náà mọ̀ dáadáa tó àwọn tó kù, ọwọ́ wọn náà ò dá ṣáká, wọn kì í sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn, wọn kì í bèèrè ìrànlọ́wọ́. Dókítà ni wọ́n o, nọ́ọ̀sì tó dáńtọ́ ni wọ́n. Tí ọ̀rọ̀ àbùkù díẹ̀ látẹnu àlejò bá lè ṣe wọ́n báyẹn, wo ohun tó máa ṣe ọmọ ọdún 24 tí wọ́n ń jágbe mọ́ láràárọ̀. Nítorí náà tó o bá rí i pé iṣẹ́ tó o mọ̀ dáadáa ń dàrú mọ́ ẹ lọ́wọ́ tí ọ̀gá ẹ bá ti wọlé, kì í ṣe pé o ò gbọ́n.

Kí ló ń fà á? Mi ò tíì gbọ́ ẹnu ọ̀gá ẹ, mi ò lè ṣèdájọ́ ẹ̀ látinú ìwé kan, àmọ́ mo lè sọ ohun tí mo mọ̀ pé ó máa ń fà á. Ọwọ́ ò tó, ìyẹn gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Agbẹ̀bí kan lè wà ní gáàdì (lẹ́nu iṣẹ́) látàárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú obìnrin márùn-ún tó ń rọbí, kí wọ́n tún máa pè é pé fíìṣì (ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn) ò pé, tí ọmọ kan bá kú òun ni wọ́n máa pè, òun ni ìdílé máa tutọ́ sí lójú. Èyí kò dá ìwà ẹ̀ láre, àmọ́ ó yẹ kó o mọ̀ pé ẹ̀rù ló wà nídìí ariwo lọ́pọ̀ ìgbà. Ìkejì, bí wọ́n ṣe ṣe fún un ló ń ṣe. Dókítà jágbe mọ́ ọn, ó jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ẹ, ìwọ náà, dákun yẹ ara ẹ wò, ta lò ń jágbe mọ́? Mo bèèrè torí mo ti rí i tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń yí i lé aláìsàn lórí, pàápàá obìnrin oko tí kò gbọ́ Faransé. Ìkẹta, wọ́n kọ́ wa bá a ṣe ń gbẹ̀bí, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bá a ṣe ń darí èèyàn, lọ́jọ́ kan wọ́n á kàn fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ pé ìwọ ti di ọ̀gá.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ ti Kétu àti Ṣábẹ̀ ní tiwọn, mo fẹ́ kó o ronú sí i dáadáa. Ṣé ọ̀gá ẹ gbọ́ Yorùbá? Torí o ní Faransé ló fi ń bú ẹ. Ìjọba lè gbé agbẹ̀bí láti apá ibòmíì wá sọ́dọ̀ yín, kó má gbọ́ èdè àwọn obìnrin tó ń tọ́jú. Obìnrin tó ń rọbí á wọlé, á kọjá lára ọ̀gá, á yíjú sí ẹ, á sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ ní Yorùbá, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá dúró bí àlejò nínú yàrá ara ẹ̀. O ní àwọn obìnrin fẹ́ràn ẹ. Ó dáa, inú mi dùn, àmọ́ ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń ta ọ̀gá ẹ lára, ó lè máa rò pé ẹ̀ ń sọ òun lẹ́yìn. Mo ti rí irú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ohun tó o lè ṣe wà: gbogbo ohun tí aláìsàn bá sọ, túmọ̀ ẹ̀ pátá fún un lójú ẹsẹ̀, má dá apá kan sí, má bá aláìsàn rẹ́rìn-ín ohun tí o ò túmọ̀, kó o sì sọ fún aláìsàn náà pé, "Tàǹtí yìí ló ni iṣẹ́ o, òun ló máa gbẹ̀bí yín, èmi ń túmọ̀ fún un ni." Ó lè má yí i padà, àmọ́ mo mọ ibi tó ti yí nǹkan padà láàárín oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ sérọ́ọ̀mù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé ẹ, ju ariwo lọ. Iṣẹ́ aide-soignante ni ìmọ́tótó aláìsàn, bẹ́ẹ̀dì wọn, oúnjẹ wọn, wíwọn tẹmpiréṣọ̀ àti tánsíọ̀n lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, fífọ irinṣẹ́. Gígún iṣan ò sí níbẹ̀. Má rò pé wọ́n bu iyì fún ẹ tí wọ́n bá ní kó o gbé e. Igo kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ọsibítù ní, chlorure de potassium, tí wọ́n bá ti ẹ̀ sí iṣan tààrà láì pò ó mọ́ sérọ́ọ̀mù, ọkàn aláìsàn lè dúró lójú ẹsẹ̀, ó sì jọ igo omi lásán lójú. Lọ́jọ́ tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ọ̀gá ló rán ẹ. Má bá a jiyàn níwájú aláìsàn, kàn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Tàǹtí, ẹ má bínú, wọn ò kọ́ mi ní èyí, ẹ jẹ́ kí n bá yín di apá ẹ̀ mú kẹ́ ẹ gbé e." O ti kọ̀, o sì ti ràn án lọ́wọ́. Tó bá ń fi dandan lé e, ọ̀rọ̀ ti kúrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn, màjọ̀ tàbí dókítà àgbà gbọ́dọ̀ gbọ́.

Tánsíọ̀n ńkọ́? O ṣe dáadáa tó o sọ, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́ ẹ bí wàá ṣe sọ ọ́ tí kò ní ṣeé dá nù. "Tàǹtí, tánsíọ̀n obìnrin yẹn ti ga" ò tó. Sọ báyìí: "Tàǹtí, obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta, tánsíọ̀n ẹ̀ 16 lórí 11, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n, ó ní orí ń fọ́ òun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá wò ó." Bẹ́ẹ̀dì, iye, àmì, ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe. O mọ̀ pé 14 lórí 9 fún aláboyún ti tó ohun tá a ń ṣọ́, 16 lórí 11 kì í ṣe ohun tá a ń fi dúró, pàápàá tí orí bá ń fọ́ tàbí ojú ń ṣú, torí gìrì lè mú un nígbàkigbà. Bó o bá ti sọ ọ́, kọ ọ́ sí fíìṣì aláìsàn lójú ẹsẹ̀, iye ẹ̀ àti aago. Fíìṣì yẹn ló máa bá ẹ dáhùn nígbà tí dókítà bá bèèrè, o ò ní nílò láti sọ pé ọ̀gá parọ́. Tí kò bá dá ẹ lóhùn, tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kejì kì í ṣe àrífín. Tí kò bá tún dá ẹ lóhùn, sọ fún un lójú pé, "Tàǹtí, ọkàn mi ò balẹ̀, màá pe dókítà gáàdì kó wá ràn wá lọ́wọ́." Kíyè sí "ràn wá lọ́wọ́" yẹn, má sọ pé o fẹ́ fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ó lè bínú. Jẹ́ kó bínú, obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹta á wà láàyè.

Lórí pé kó o fẹjọ́ sùn tàbí kó o kúrò, ohun tí mo rí ni pé o ò tíì bá òun fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ẹ, kì í ṣe òpin gáàdì tí oorun ń kùn ún, wá ọjọ́ tí màtẹ́nítè dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, kúnlẹ̀ kí i bó o ṣe máa kí àǹtí ẹ nílé, kó o wá sọ nǹkan kan ṣoṣo, má kó gbogbo ẹ̀ jọ. Tèmi ni kó o mú ọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn: "Tàǹtí, tí mo bá ṣe àṣìṣe ẹ bá mi wí, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bú mi níwájú àwọn obìnrin yìí, wọn kì í gbọ́ tèmi mọ́ tí mo bá ní kí wọ́n má dìde tàbí kí wọ́n má mu àgbo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́." Òótọ́ ni pẹ̀lú, mo ti rí ibi tí ìyá ọkọ ti fún aláboyún lágbo torí ẹni tó ní kí wọ́n má fún un ni ẹni tí wọ́n gbọ́ tí ọ̀gá ń pè ní òpè.

Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, lọ bá màjọ̀, lẹ́yìn náà dókítà àgbà. Má lọ pẹ̀lú "ó kórìíra mi". Ra káyé (ìwé ìkọ̀wé) kékeré kan, kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n sọ, ta ló wà níbẹ̀, kó o tọ́jú ẹ̀ sílé, má kọ orúkọ aláìsàn sínú ẹ̀. Mi ò ní tàn ẹ́, ẹni tí kọ́ńtíráàtì ẹ̀ jẹ́ ọdún kan, ọdún kan, lè fẹjọ́ sùn kí wọ́n má tún kọ́ńtíráàtì náà ṣe, mo ti rí i, ó sì dùn mí. Nítorí náà mọ irú kọ́ńtíráàtì tó o ní kó o tó gbé ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé code du travail (òfin iṣẹ́), òfin 98-004 ti 1998, ló wà lórí ẹ, inspection du travail wà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wọ́n máa ń gbìyànjú láti bá yín parí ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí kó tó di ti ilé ẹjọ́. Tó o bá wà nínú sẹ́ńdíkà (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́), ẹ jọ lọ, ẹni mẹ́ta tó ń sọ ohun kan náà kì í rọrùn láti lé dànù. Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan míì wà tí o ò kọ sínú ìwé, tí ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ń fọwọ́ kàn ẹ́ tàbí tó ń fi iṣẹ́ dẹ ẹ́, gbogbo sùúrù tí mo sọ látẹ̀yìn wá yìí ò kan ìyẹn. Òfin 2006-19 tó lòdì sí fífi ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu ti wà láti 2006, òfin 2021-11 náà tún jáde ní oṣù Kejìlá 2021, ọ̀daràn ni onítọ̀hún, Institut National de la Femme, àjọ ìjọba tó ń gbèjà obìnrin, sì wà tó o lè lọ bá.

Kíkúrò náà kì í ṣe ìtìjú. Tí o kì í bá sùn mọ́, tí inú ń run ẹ́ láràárọ̀ kó o tó gun zémì (ọ̀kadà) lọ síbi iṣẹ́, tí àṣìṣe ẹ ń pọ̀ sí i, wá ibòmíì, àmọ́ má fi ìbínú kúrò, wá ibi tí wàá lọ kó o tó kúrò, kó o sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ. Tó bá sì jẹ́ pé inú ẹ fẹ́ tẹ̀síwájú, INMES ní Kútọnu àti IFSIO ní Parakou ń kọ́ agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì, béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kó o tó lè wọlé. Ẹni tó ti pààrọ̀ aṣọ àwọn tó bímọ fún ọdún méjì, tó mọ̀ pé tánsíọ̀n yẹn ga kí ọ̀gá ẹ̀ tó mọ̀, irú wọn ni mo fẹ́ rí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń kà á, èmi náà ti wà lórí àga yẹn, mi ò ní gùn ún fún yín. Lọ́la tẹ́ ẹ bá dé gáàdì, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó ń gbálẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún un pé tó bá rí ohun tí kò yé e lára aláìsàn, kó pè yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá pè yín tó jẹ́ lásán, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ bóyá ẹ sọ ọ́ látọkàn wá.

Ìwọ ọmọ mi, ra káyé yẹn lọ́la. Kó o sì lọ wo obìnrin tánsíọ̀n yẹn tó bá ṣì wà níbẹ̀, bá mi kí i, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.